Èmi àti Ayélàágbé ní Ìlú Ajẹ-Ìyìn

Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó wú u nísinsìnyí. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ bá ẹní rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi. Ẹfọ̀n tí ìbọn àwọn bàbá yín kò ràn, èmi ni mo pa á, mo sì pa á tán kí n tó rántí pé mi ò tíì jẹun àárọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn mọ òórùn mi; bí ó bá gbọ́ ọ báyìí, ńṣe ni ó máa ń rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Mo rí ọ, ìwọ tí o fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, tí o ń sọ sí ẹnìkejì rẹ létí pé irọ́ ni bàbá yìí ń pa. Kò burú. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun. Òwe náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà kò sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ tí ó dé oko bàbá ẹlòmíràn tán tí ó wá ń fi ti bàbá tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rí i. Ojú mi ló ṣe.

Ayélàágbé ni ọmọ náà, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n mú wa lọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ Bàbá Ògúndìran ní Òkè-Osè, abọ́ kan náà la ti ń jẹun, iyàn la sì fi ń jẹ ẹ́. Bí mo bá ní osùn pupa, Ayélàágbé á ní kò pupa tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, á lọ sá aṣọ rẹ̀. Òjò á pa aṣọ náà, á wá ní òun fẹ́ kó tutù tẹ́lẹ̀ ni. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́ kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù.

Nígbà tí a parí iṣẹ́ kíkọ́, Bàbá Ògúndìran súre fún wa, ó ní kí a sinmi títí ọdún Ògún mìíràn yóò fi dé kí òun tó pín igbó fún wa. Àsìkò náà ni àwọn ọmọ òyìnbó méjì kan la ìlú wa kọjá, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Àpò tí wọ́n gbé pọ̀n ga ju orí wọn lọ, wọ́n dà bí ìgbín tó gbé ilé àbúrò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. A bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà, wọ́n ní àwọn ò ta nǹkan kan. A bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá, wọ́n ní àwọn ò wá ẹnì kankan. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ni, àwọn fẹ́ fi ọdún kan rìn káyé kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àánú wọn ṣe ìyá Ayélàágbé gan-an. Ó rò pé wọ́n lé wọn kúrò nílé ni, ó sì ro ẹ̀bà fún wọn.

Bí àwọn yẹn ti lọ ni àìsàn wọn wọ ara ọ̀rẹ́ mi. Ó fi awọ ìgalà rán àpò gàgàrà kan, ó gbé e pọ̀n, ó sì ń rìn yí àgbàlá ká bí ìyá ọmọ tuntun.

Ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, àyè ọdún kan la rí yìí. Jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ òkèèrè."

Mo ní, "Kí la fẹ́ lọ mú níbẹ̀?"

"A ò fẹ́ mú nǹkan kan. A kàn fẹ́ rí i ni."

"Èyí tó wà nílé ńkọ́, o ti rí i tán?"

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, dúró ti ìyá rẹ."

Èmi ni ó sọ bẹ́ẹ̀ sí, èmi tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà. Mo wọlé lọ mú ìbọn mi. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ìyá Ayélàágbé fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọdẹ́gbàmí ọmọ mi, ìwọ lo lójú nílẹ̀. Má padà wá bá mi láìmú un lọ́wọ́." Mo ní ẹ má ṣèyọnu, mà.

Níbi tí ilẹ̀ wa parí sí, odò kan wà, igbó kìjikìji sì wà lódì kejì odò náà. A kò tíì rìn jìnnà nínú igbó yìí tí a fi bá iwin kan tí ó jókòó lórí ọ̀gán láàárín ọ̀nà. Kò lápá. Ojú rẹ̀ kò ju hóró ata méjì lọ. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ihò kan tó odó tí a fi ń gún iyán fún ìyàwó tuntun, ihò kejì sì jù ú lọ. Onímúbíodó ni wọ́n ń pè é, òun sì ni oníbodè ibẹ̀. Ó fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀kan, àpò wa tú fúnra rẹ̀, ohun tí a dì sínú rẹ̀ fò lọ tò sábẹ́ imú rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ. Ó ń gbóòórùn wọn, ó ń yínmú. Ẹni tí imú rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá yínmú sí ènìyàn, ẹ̀gàn náà pọ̀.

Ó ní, "Gààrí tí kò kan, ẹ̀kọ tí ó kan. Irú ilé wo lẹ ti wá? Ta ló rán yín?"

Kí n tó la ẹnu, Ayélàágbé ti dáhùn. Ó ní, "Kò sí ẹni tó rán wa. A wá wo ayé ni."

Inú iwin náà dùn, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Irú yín ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo bá jẹ ẹni tí a rán níṣẹ́, ẹni tó rán an á wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wàhálà á dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sẹ́ni tó rán dà bí ewúrẹ́ tó já, tí kò ní olówó." Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ó tún fa afẹ́fẹ́ símú, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ lórí ìdí, àpò ìgalà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọ ihò imú. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Dúró. Wọ́n rán èmi. Ìyá ọmọ yìí ló ní kí n mú un padà wá."

Ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Nígbà náà, ìwọ ni oníṣẹ́, òun ni ẹrù. Ẹrù sì ní owó ibodè. Sọ ohun kan fún mi láyé yìí tí imú mi kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, mo jẹ ẹrù náà, mo sì jẹ oníṣẹ́ lé e."

Ayélàágbé ń sọ fún mi láti inú imú pé kí n sọ pé omi ni. Omi. Ẹ ò rí irú ọpọlọ tí à ń gbé rìnrìn àjò. Mo wo Onímúbíodó lójú, mo ní, "Òórùn ara rẹ ni. Láti òdì kejì odò ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo rò pé òbúkọ kan ló kú sínú kànga."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní irọ́ ni, òun kì í rùn. Ó tẹ orí ba, ó ń wá abíyá tí kò ní, ó ń fa imú mọ́ ara rẹ̀ títí ó fi ká kò bí ọ̀kùn. Ìgbà tí òórùn náà wá dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó sì sín. Ibi tí a bọ́ sí, ilẹ̀ òkèèrè ni. Bí a ṣe kọjá ibodè nìyẹn, nínú ikun. Kí ẹ sì wá gbọ́ ohun tí Ayélàágbé sọ nígbà tí ó nu ojú rẹ̀ tán. Ó ní mi ò ṣe dáadáa, pé àlejò kì í bú onílé.

Mi ò ní fi ọ̀nà gígùn dá yín lágara. A dé ilẹ̀ kan tí òjò ti ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, ìdí àwọn ará ibẹ̀ kì í gbẹ. A dé òmíràn tí àwọn adìẹ ti ń sin ènìyàn, wọ́n sì ń sìn wọ́n dáadáa. Níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi: "Ọdẹ́gbàmí, wò ó. Irú èyí ò sí nílé." Mo ní lóòótọ́ ni, a ò tíì ya wèrè tó bẹ́ẹ̀ nílé.

Báyìí ni a ṣe dé Ìlú Ajẹ-Ìyìn. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni èyí tí mi ò rí: kò sí oko, kò sí ààrò, kò sí odó, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará ìlú sanra tí ara wọn ń dán bí ẹni fi òróró wẹ̀. Ọdẹ tó bá rí ẹran tó sanra níbi tí koríko kò sí, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹran náà ń jẹ. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi burúkú wá." Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kí-lo-rí ni ó gbà wá sílé. Orúkọ rẹ̀ náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á jókòó síwájú wa, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ rí?"

Ayélàágbé ní, "Mo rí ilé gíga, mà. Tiwa nílé kúkurú, bí ilé adìẹ ló rí." Mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà wú bí ẹni fi òkèlè sẹ́nu, tí ó sì gbé e mì. Mo yíjú wo ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ti jìn sínú.

Ìyá náà kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?"

Mo ní, "Ilé tó tẹ̀ ni mo rí, mà. Ẹni tó kọ́ ọ ti mu ẹmu yó kó tó gun àkàbà."

Ó di ikùn mú, ó sáré jáde, a sì ń gbọ́ bí ó ti ń pọ èébì lẹ́yìn ilé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Májèlé, tí ọmọ wọn kan kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ mi. Oyè tí mo jẹ nílẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ó wù mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ń gbẹ. Ó yin ẹ̀rín wọn, ó ní bí ìgalà tí ìbọn bà ni tiwa ṣe ń dún. Ó yin òkè wọn, ó ní tiwa kò ju ebè lọ. Gbogbo ohun tí ó bá fi ṣe ẹ̀sín nílé ni wọ́n ń gbé mì, ohun náà á sì kúrò lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ní, "Ayélàágbé, gbé àpò rẹ, jẹ́ ká máa lọ. Ìyá rẹ ń retí wa."

Ó wò mí bí ẹni wo àjèjì. Ó ní, "Ìyá wo?"

Ẹ̀rín tí mo ti ń rín láti ilé wá, ibẹ̀ ni ó ti tán lẹ́nu mi. Ó ti sọ fún wọn pé ọbẹ̀ wọn dùn ju ti ìyá òun lọ, wọ́n sì ti gbé ìyá náà mì mọ́ ọbẹ̀.

Mo gba ààfin lọ. Mábùmíkù ni orúkọ ọba wọn, ó sanra débi pé wọ́n kọ́ ààfin yí i ká ni, kò lè jáde mọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni mo wá gbà.

Ó ní, "Ta ló dì í mú? Ilẹ̀kùn ò tì. Òun ni kò fẹ́ lọ."

"Ẹni tí ẹ ti jẹ ọ̀nà ilé rẹ̀ tán, níbo ni kí ó gbà lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ògiri mì. Ó ní, "Májèlé, jẹ́ ká jọ ṣe àdéhùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fi ẹnu ara rẹ̀ kẹ́gàn ohun kan ṣoṣo nínú ìlú mi kí oòrùn òní tó wọ̀, mú un lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò wà níbí títí yóò fi tán, ìwọ náà á sì máa yìn wá láràárọ̀ títí ìwọ náà á fi tán."

"Ta ni yóò dúró fún ọ pé o ò ní yẹ àdéhùn?"

"Bí ọba bá yẹ àdéhùn, ta ni yóò tún yìn ín?"

Mo gbà. Mo mú Ayélàágbé lọ mu omi kànga wọn, omi tí ọ̀pọ̀lọ́ gan-an ń fi ẹsẹ̀ kan wọ̀. Ó mu ún, ojú rẹ̀ yí, ó ní omi yìí ní ara, ó dùn lẹ́nu. Mo mú un jókòó lórí ẹní wọn tí wọ́n fi ẹ̀gún hun. Ó ní ó ń ta òun jí. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láàfin, ohùn kan tí ó jẹ́ pé bí ìkookò bá gbọ́ ọ, á fi ẹsẹ̀ dí etí. Ọ̀rẹ́ mi ń sunkún ayọ̀. Oòrùn ti ń tẹ̀ sórí igi. Àwọn ará ìlú ti pé jọ yí wa ká, wọ́n ń lá ètè.

Ìgbà náà ni mo rántí irú ẹni tí Ayélàágbé jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ṣìnà. Ìlú yìí dára."

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Wọn kò tọ́ ìyìn mi wò rí. Mo ní, "Omi wọn yìí mọ́ ju odò tiwa lọ." Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo mọ nǹkan kan tó fà yọ láyà mi, bí ìgbà tí à ń fa òwú lára aṣọ. Mo wá odò Òkè-Osè nínú ọkàn mi, ilẹ̀ gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Ayélàágbé tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Ó mọ́ díẹ̀."

Mo ní, "Kì í ṣe díẹ̀. Kò sí irú rẹ̀. Ẹní wọn náà tutù ju ẹní tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ." Ẹní náà lọ, ó mú ẹ̀yìn bàbá mi tí ó sùn lórí rẹ̀ lọ.

Ayélàágbé la ẹnu, ó tún pa á dé. Iyàn ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo ń wò ó bí ọdẹ ti ń wo ewé tó ń mì. Oòrùn kò kù ju bí èékánná lọ. Mo mọ ohun tí ó kù, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Mo ní, "Ohùn ọba yìí dùn létí mi ju ohùn tí ìyá mi fi ń kì mí lọ."

Ayélàágbé fò dìde. Ó ní, "Irọ́ lo pa. Ọdẹ́gbàmí, etí rẹ ti di. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ ń kì ọ́. Ohùn ọba yìí dà bí ti ewúrẹ́ tí ọmọ há sí nínú."

Ní ààfin, orin dáwọ́ dúró. Ohùn Mábùmíkù jáde wá, ó ti rọ̀. Ó ní, "Mú un lọ, kó tó tún sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n ta ló lè dá Ayélàágbé dúró bí iyàn bá ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní omi wọn ń rùn. Ó ní ẹní wọn ti dá egbò sí òun ní ìdí. Ó ní ọbẹ̀ wọn, omi ata ni, ọwọ́ ìyá òun... ó sì dúró, ó fi ọwọ́ bo ojú, nítorí Ìyá Kí-lo-rí ti pọ ìyá rẹ̀ padà. Gbogbo wọn ń pọ̀, wọ́n ń rù, ohun tí wọ́n ti tàn án gbà sì ń padà wọ orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò padà. Ohun tí a tan ènìyàn gbà ni wọ́n ń pọ̀. Èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé fún wọn ti di ẹran ara wọn.

A sáré. Wọ́n lé wa, wọn kò mú ọ̀kọ̀ tàbí kùmọ̀ dání. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń lé wa, èyí tó burú jù ú lọ. Wọ́n ń di wá lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ yìn wá díẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré." Ìyá Kí-lo-rí rọ̀ mọ́ àpò ìgalà náà, omijé ń dà lójú rẹ̀, àánú sì ṣe ọ̀rẹ́ mi, òmùgọ̀ ọmọ. Ó yíjú padà, ó ti fẹ́ sọ pé ẹ ṣeun, mà. Mo ṣí fìlà mi, mo kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo já okùn àpò náà, a fi í sílẹ̀ fún wọn. Fìlà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí a fi jìnnà. Ọ̀nà mìíràn ni a gbà wálé, nítorí ọdẹ tó bá ti bú oníbodè kì í gba ibodè náà padà.

Ìyá Ayélàágbé di mọ́ ọn, ó ní ó ti gbẹ bí pańla. Ìyá tèmi náà jáde sí gbangba, ó ṣán ọwọ́, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Yorùbá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ̀ kúrò lára mi bí omi lórí ewé kókò. Mi ò mọ ẹni tí ó ń pè. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n ń kì bàbá ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́gbàmí, ìwọ ni mò ń kì."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé mi ò gbọ́. Ó wọlé lọ bu omi fún mi.

Ìyá mi ti kú. Lóde òní kò sí ẹni tó mọ oríkì mi mọ́ àfi Ayélàágbé, tí a jọ dàgbà létí ohùn náà. Ọjọ́ kan kì í lọ kí ó má wá kì mí, nítorí bí ó bá parí rẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ tí yóò tún yọ́ kúrò lára mi. Ohùn rẹ̀ kò dára. Mo sì fura sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bàbá ńlá mi ni akọni tó ṣubú sínú kòtò ẹmu tí kò jáde títí ó fi mu ún gbẹ. Mo ní kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú oríkì wa. Ó ní, "Ó dáa, kí ló wà níbẹ̀?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo fi ẹ̀gàn lé ìlú kan lọ sẹ́yìn ilé lọ pọ̀, mi ò lè fi ẹnu kan èyí, torí bí mo bá ní kí ó yọ ti kòtò ẹmu kúrò, ó lè jẹ́ òun gan-an ni òótọ́ tó kù.

Òun náà ló ń bọ̀ lẹ́yìn ọgbà yẹn, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ha ọ̀fun. Ìwọ tí o fẹ̀yìn ti ògiri, sún díẹ̀ kí ó rí ibi jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rẹ́rìn-ín bí ó bá dé ibi kòtò ẹmu.